Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Kérésìmesì bá bá yín ní Lọ́ńdọ̀nù

Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni lẹ́tà nípa ìrìn àjò ọdún ti ń dé orí tábìlì wa. Mo yan mẹ́rin nínú wọn fún ti oṣù yìí, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wọn ń bèèrè, àti nítorí pé ohun tí àwọn tó kọ̀wé náà kò tíì mọ̀ ti fi ojú èmi náà rí màbo rí. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà.

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin bímọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ni wọ́n rà fún mi láti Èkó, nítorí pé owó ọjọ́ náà rọjú ju ti àwọn ọjọ́ tó kù lọ. Wọn kò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ rẹ̀ yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow, pé òun yóò pàdé mi lọ́nà. Ọdún yìí ni àwọn náà dé ibẹ̀, wọn kò tíì ṣe Kérésìmesì kankan níbẹ̀ rí. Mo ti pé ẹni ọdún 67. Ṣé kò séwu? (Ìyá Àgbà, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, mà. Olúwa yóò wò ó, yóò sì dá a sí fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbójú lé ọkọ̀ ojú irin o, nítorí pé ní ọjọ́ tí ẹ máa dé, kò ní sí ẹyọ kan tí yóò rìn.

Ẹ tún tíkẹ́ẹ̀tì yín wò dáadáa. Ọjọ́ 24 ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n alẹ́ ni bàálù náà yóò gbéra ní Ìkẹjà, yóò lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójú ọ̀run, aago tiwọn sì máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa ní àsìkò òtútù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdájí ọjọ́ 25, Kérésìmesì gan-an, ni ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ Heathrow. N kò rò pé ó yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé owó tíkẹ́ẹ̀tì náà rọjú.

Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kì í rìn. Bọ́ọ̀sì pupa kì í rìn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò láti Heathrow lọ sí àárín ìlú kì í rìn, èyí tó ń lọ sí àwọn ìlú mìíràn kì í rìn, kódà èyí tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Paris náà ń sinmi. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún gan-an ni àwọn onímáíkírà máa ń pawó jù, kò lè tètè gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, èmi náà kò sì gbà á gbọ́ títí ó fi ṣẹ̀ sí mi lára. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, mo wọ ìró àti bùbá àrán, mo wé gèlè, mo sì bọ́ sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Old Kent Road ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Kérésìmesì. Pátákó kékeré tó máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tó kù kí bọ́ọ̀sì dé kò kọ ohunkóhun, mo sì rò pé ó bàjẹ́ ni. Títì tí mo mọ̀ mọ́ ariwo dá wáí, àpò ọ̀rá kan ń fò kiri láàárín rẹ̀, òtútù sì ń gba inú gèlè wọ̀ mí lágbárí. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá tó dúró, tó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, tó sì sọ fún mi pé ó di ọ̀la kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkéde ni wọ́n ń ṣe nígbà tí mo wọlé.

Ohun tó dára jù fún yín ni kí àwọn ọmọ wá bí wọn yóò ṣe yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà sí ọjọ́ 22 tàbí 23, kí ẹ lè wọlé kí ìlú tó ti ilẹ̀kùn. Bí owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yóò fi lé e bá ju owó takisí lọ, a jẹ́ pé takisí ló kù, ọ̀nà náà sì jìn: ìwọ̀-oòrùn pátápátá ni Heathrow wà, Peckham sì wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, ní òdìkejì odò Thames. Takisí dúdú tó ń lo mítà máa ń wà ní pápá ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Kérésìmesì, ẹ sì lè wọ̀ ọ́ láìṣe ètò ṣáájú, ṣùgbọ́n owó ọdún máa ń wà lórí rẹ̀. Èyí tó sábà máa ń rọni lọ́rùn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọmọ yín lè fi fóònù bẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì kọ iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Òfin ibẹ̀ kò gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè láti gbé èrò tí kò bá a ṣètò ṣáájú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi Yorùbá dídùn pè yín ní màmá, tó ní òun yóò gbé yín délé kíá, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì kọjá lọ. Láàárín gbogbo awakọ̀ tó ti gbé mi ní Ìlú Ọba, ẹni tó gbọ́ èdè mi ló gba owó lọ́wọ́ mi jù.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé bọ́ọ̀sì National Express máa ń rìn lọ́jọ́ náà, òótọ́ sì ni: díẹ̀ nínú wọn máa ń ti Heathrow lọ sí Victoria ní àárín ìlú, fún ẹni tó bá ti ra ìjókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Victoria, takisí náà ni ẹ tún máa wọ̀ dé Peckham, tẹ̀yin ti ẹrù, nínú òtútù. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì ọmọ yín àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì wọn, nítorí pé òun ni awakọ̀ fi ń wá ilé, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpamọ́wọ́ tí kò ní kúrò lára yín.

Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé ọjọ́ kejì, ọjọ́ 26, tí wọ́n ń pè ní Boxing Day, kì í ṣe ọjọ́ lásán pẹ̀lú. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìlú mìíràn kì í sì í rìn rárá, nítorí pé ìgbà ọdún, tí èrò kò pọ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi tún ojú irin ṣe.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọjọ́ 23 sí 28 oṣù kejìlá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó mi fẹ́ fojú rí orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum. Èmi fẹ́ ra ọjà, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n máa ń já owó ọjà wálẹ̀ gan-an lọ́jọ́ Kérésìmesì. A tún fẹ́ lọ sí ìsìn òru ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan. Níbo ni a ti máa rí oúnjẹ jẹ? (Tọkọtaya, Ṣàgámù)

Ọ̀gá, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjà fún yín ló da ọjọ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ 26 ni wọ́n máa ń já owó ọjà wálẹ̀. Ní ọjọ́ 25, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2004 fún ilẹ̀ England àti Wales kò gba ilé ìtajà tí inú rẹ̀ bá fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 280 lọ láyè láti ṣí fún oníbàárà. Ìyẹn fi díẹ̀ fẹ̀ ju pápá tẹ́níìsì kan lọ. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 50,000 pọ́n-ùn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní ìkángun àdúgbò lè ṣí bó bá wù wọ́n, ilé epo pẹ̀lú, níbẹ̀ ni ẹ sì ti lè rí mílíìkì, búrẹ́dì àti káàdì fóònù. Bàtà àti kóòtù tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀.

British Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, máa ń ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 24, 25 àti 26. Bẹ́ẹ̀ náà ni National Gallery, níbi tí wọ́n ń kó àwòrán sí. Bí ọjọ́ 23 bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, tí oorun bàálù ṣì wà lójú yín, ọjọ́ 27 ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, nítorí pé gbogbo àwọn tí wọ́n ti há mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta ló máa jáde lọ́jọ́ náà. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Orí idẹ tí ìyàwó yín ń wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ọdún tó tẹ̀lé e ló sì di ti ilé àkójọ náà. Yàrá àwọn nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Níbẹ̀ náà ni àwọn idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 wà. Bí ó bá ṣe ìyàwó yín bíi kó sunkún níwájú wọn, ẹ jẹ́ kó sunkún. Kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ti oúnjẹ, ẹ ra ohun tí ẹ máa jẹ lọ́jọ́ 25 sílẹ̀ kí ọ̀sán ọjọ́ 24 tó rọ̀, nítorí pé àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń tètè pa ilẹ̀kùn dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló máa ń tì lọ́jọ́ Kérésìmesì, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń ta oúnjẹ ọdún sì máa ń gba owó tó lè mú kí èèyàn gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń ṣe Kérésìmesì. Ẹ rìn lọ sí Gerrard Street, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, tàbí kí ẹ lọ sí Edgware Road, níbi tí àwọn Lárúbáwá ti ń ta ẹran yíyan àti ìrẹsì, ẹ máa rí ilẹ̀kùn tó ṣí àti iná tó ń tàn. Ata rodo àti iṣu wà ní Rye Lane ní Peckham, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà ní òtẹ́ẹ̀lì kò ní rí ibi gbé ìkòkò ka.

Ọ̀rọ̀ ìsìn òru gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Ìsìn máa ń wáyé ní alẹ́ ọjọ́ 24 ní St Paul's àti ní Westminster Abbey, wọn kì í sì í ta ìsìn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú òpó wọn ṣáájú, nítorí pé wọ́n lè béèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí a ti gbà sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ: ti ìjọ Áńgílíkà ni Westminster Abbey, ti ìjọ Àgùdà sì ni Westminster Cathedral. Àwọn méjèèjì kò jìnnà síra wọn, mo sì ti rí ẹni tó fi ìdajì ìsìn jókòó kó tó mọ̀ pé òun ṣi ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bí ẹ ó ṣe padà sílé. Ọkọ̀ ìjọba máa ń tètè kógbá wọlé ní alẹ́ ọjọ́ 24, bí ìsìn bá sì parí lẹ́yìn aago méjìlá òru, ẹsẹ̀ yín tàbí takisí ló kù. Ẹ yan ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ lè ti ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn padà. Bó bá jẹ́ ìlù àti orin Yorùbá ni ọkàn yín ń fà sí, ìhà Southwark ni kí ẹ wò; ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka 240 ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ yẹn nìkan. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ mọ aago ìsìn wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹnì kan lè wá gbé yín.

Ẹ kò bi mí ní èyí, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ Kérésìmesì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jáde ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, kí ẹ rìn. Ní Hyde Park, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìwẹ̀ kan máa ń bọ́ sínú adágún Serpentine láti díje ní àárọ̀ Kérésìmesì, láti 1864 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Bàbá arúgbó kan jáde nínú omi níṣojú mi, ara rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èéfín ń rú lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀, ẹ lè rìn dé Trafalgar Square lọ wo igi Kérésìmesì tí ìlú Oslo ní ilẹ̀ Norway ti ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, láti fi dúpẹ́ oore tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí afárá Westminster. Mo ti gun afárá náà ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú èrò, bọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ya fọ́tò. Ní àárọ̀ Kérésìmesì nìkan ni mo gbọ́ bí omi ṣe ń lu òpó rẹ̀ nísàlẹ̀. Kí ẹ ti padà sílé nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta tí Ọba wọn máa ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé oòrùn máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Bí ẹ bá wá ń rò ó pé kí ẹ kúkú sún gbogbo rẹ̀ sí ọdún Àjíǹde, ìyẹn fúyẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ máa ń rìn ní Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọlidé ní ilẹ̀ England bíi tiwa, àyàfi pé wọ́n lè ti ojú irin kan pa láti tún un ṣe. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde nìkan ni òfin tún ní kí àwọn ilé ìtajà ńlá tì.

Àsàláàmù àláékúmù. Iléyá yóò bá mi nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé wọ́n máa ń fún wọn ní ọlidé níbẹ̀? Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀. Ṣé mo lè ra àgbò, kí a so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n sì dú u fúnra mi lẹ́yìn ìrun Yídì? (Alàájì, Ìwó)

Wàáláékúmù sàláàmù, Alàájì. Kò sí ọlidé fún Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ máa rí i pé ọkọ̀ ń rìn, ṣọ́ọ̀bù ṣí, báńkì ń ṣiṣẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdún ni yóò gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ilé ìwé máa ń gba àwọn ọmọ láyè fún ọjọ́ náà bí òbí bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Mọ́sáláṣí kò sì ní gba gbogbo èrò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, ìrun Yídì máa ń ju ẹyọ kan lọ láàárọ̀ kan náà ní àwọn mọ́sáláṣí ńlá bíi ti ẹ̀gbẹ́ Regent's Park àti ti Whitechapel. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè mọ́sáláṣí tó ń tẹ̀lé, nítorí pé ọ̀rọ̀ oṣù yíyọ lè mú kí mọ́sáláṣí méjì ṣọdún ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ láàárín àwọn tiwa ni ẹ fẹ́ wà, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ló ra ilé ọtí kan ní Old Kent Road ní ọdún 1990 àti díẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́sáláṣí. Ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa.

Ní ti àgbò, rárá o. Ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin gbà kí a ti pa ẹran ní ìlànà ẹ̀sìn, ẹni tó bá dú u lẹ́yìnkùlé ti rú òfin, àwọn aládùúgbò ẹ̀gbọ́n yín kò sì ní dákẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ igbe àgbò lórí ọgbà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín lọ bá alápatà tó ń ta ẹran halaali ládùúgbò, kí ó sanwó, kí wọ́n sì kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún layà, ìyẹn ẹran Iléyá. Ilé ìpẹran ni wọn yóò ti pa á lórúkọ yín lẹ́yìn ìrun, ẹ ó sì gba ẹran náà ní gígé, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín dú u kí ọkàn yín tó balẹ̀, ẹ rán owó sílé kí ọmọ yín dúró fún yín ní Ìwó.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 19 ni mí. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Croydon ni mo ti fẹ́ ṣe Kérésìmesì. Ṣé wọ́n máa ń yin báńgà níbẹ̀, àbí kí n gbé tèmi lọ? (Ọmọ Adúláwọ̀, Ìkòròdú)

O káre, ọmọ mi. Wọ́n ti fòfin de títa báńgà fún aráàlú níbẹ̀ láti 1997. Èyí tó ń fò lọ sókè tó ń tan iná aláràbarà ni wọ́n ń tà, ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún 18 lè rà á, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yìn ín ní títì tàbí níbi tí èrò ń gbà, kò sì gbọ́dọ̀ yìn ín láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méje àárọ̀, àyàfi ní àwọn alẹ́ díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún wà lára wọn, Kérésìmesì kò sí. Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, fi í sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ ní Ìkòròdú, nítorí pé bí wọ́n bá rí i nínú ẹrù rẹ ní Ìkẹjà, ìwọ àti báńgà náà kò ní wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ yẹn.